Káàdì tó jáde lẹ́yìn fèrè

Ìwé ìkọ̀wé kan wà nínú báàgì mi tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù wa ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà aṣọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, ti ìyàwó tàbí ìyá wọn (nítorí fóònù tiwọn kì í lọ tó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì), àti iye káàdì yẹ́lò tí oníkálukú ti gbà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Kóòṣì ló ń mú wọn sáré, èmi ni mo ń rí i pé wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa sáré. Mọ́mì ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí mi.

Ìwé yẹn ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ní sáà tó kọjá. Kí n kúkú sọ òótọ́: èmi ni mo pa á dé kó tó yẹ.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tán, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù najú. Àwọn ọmọ wa ń gba owó díẹ̀ lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi san owó ilé nínú wọn. Nọ́ńbà 9 ń jó irin. Nọ́ńbà 3 jẹ́ tíṣà. Aṣọ́lé wa ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan lóru, ìyẹn ni pé ọmọ náà ń ṣọ́lé tọ̀sán-tòru.

Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ni bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àbámẹ́ta ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Mo máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀gá mi ò tíì fún mi láyè, Mọ́mì." "Ìyàwó mi bímọ lánàá, mà." (Mo kí i kú oríire, mo sì bi í bóyá ó máa lè wá.) Kóòṣì á ti to mọ́kànlá rẹ̀ sórí pátákó, èmi ni n óò lọ sọ fún un pé mẹ́rin nínú wọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ti fàyè gba ìpààrọ̀ márùn-ún báyìí. Kí la fẹ́ fi márùn-ún ṣe nígbà tó jẹ́ ẹni mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì?

Ìgbà kan wà tí mọ́tò wa kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Mo fi ọkọ̀ kékeré méjì kó àwọn mẹ́jọ síwájú, torí òfin ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá tó ẹni méje kò lè bẹ̀rẹ̀. A fi mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ́lé wà lọ́dọ̀ mọ́tò tó bàjẹ́, nọ́ńbà 5 ló wọ ìbọ̀wọ́. Ohun tó kó wa yọ ni pé mo ti kọ orúkọ gbogbo wọn, títí kan àwọn tó ṣì wà lójú ọ̀nà, sínú ìwé tí mo fún rẹfirí kí fèrè tó dún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lè wọlé nígbà tó bá dé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí, bó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju gbogbo ayé lọ, òǹwòran ni. Wọ́n dé nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ọ̀kan ń so okùn bàtà bó ṣe ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún bọ̀. A gbá ọ̀mì, 1-1. Títí dòní ni nọ́ńbà 5 ń pe ara rẹ̀ ní aṣọ́lé kejì, èmi náà sì yangàn fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì.

Bóyá ìyangàn yẹn ló ṣe mí.

Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ, a wà ní ipò kejì, ẹgbẹ́ méjì ló sì máa gòkè sí líìgì tó ga ju tiwa lọ. Wọ́n na wá nílé lọ́jọ́ náà, 1-0. Fèrè ìparí dún, mo pa ìwé mi dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù, nítorí bí a bá gbé méje jáde, mẹ́fà ló máa ń fẹ́ bá wa padà. Ẹ̀yìn mi ni nọ́ńbà 6 ti lọ sọ tẹnu rẹ̀ fún rẹfirí. Rẹfirí fa káàdì yẹ́lò yọ.

Àwọn ènìyàn rò pé tí fèrè ìparí bá ti dún, àṣẹ rẹfirí ti tán. Kò tán o. Títí tó fi máa kúrò lórí pápá ló lè fún ènìyàn ní káàdì. Mo mọ òfin yìí dáadáa, mo máa ń fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ìdí ni mo kọ sí i, mo ń wá bọ́ọ̀lù keje.

Káàdì ìkarùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Nínú líìgì wa, ẹni tó bá pé márùn-ún máa jókòó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Mẹ́rin ló wà nínú ìwé mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a na ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tábìlì ní 4-0. Nọ́ńbà 6 fúnra rẹ̀ gbá méjì wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà dé: ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ni a lò, wọ́n ti fagi lé èsì náà, àwọn tí a nà ló ni 3-0. Pọ́ìǹtì mẹ́ta lọ, góòlù mẹ́rin lọ, a tún jẹ gbèsè mẹ́ta lé e. Ẹnì kan ní kí a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí la fẹ́ wí? Rẹfirí ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Nọ́ńbà 6 wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ náà tòun taṣọ iṣẹ́.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mo rò pé ẹ rí i ni."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? O ò lè kà dé márùn-ún?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń bá wa kà á, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju lẹ́tà náà lọ. Ní ti Kóòṣì, ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó na orúkọ àwọn tó fẹ́ lò sí mi. "Ẹ bá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì." Ó bá tirẹ̀ lọ.

A gbá 26 tán. A borí nínú 14, ọ̀mì 6, wọ́n nà wá ní 6: pọ́ìǹtì 48. Ẹgbẹ́ tó wà lókè wa ní 50, àwọn ni wọ́n gòkè. Ẹ̀yin náà lè ro 48 pọ̀ mọ́ 3. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí, mo tilẹ̀ fi òfin àtijọ́ ṣírò rẹ̀, nígbà tí pọ́ìǹtì méjì péré ni ẹni tó bá borí ń gbà, kí England tó sọ ọ́ di mẹ́ta ní 1981 àti kí Ife Àgbáyé tó gbà á ní 1994. Àwa 34, àwọn 35. Ẹ̀yìn wọn náà ni a ṣì wà.

Sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ra ìwé mìíràn, mo sì fa ìlà kan sí i ní apá ọ̀tún, mo kọ "lẹ́yìn fèrè" sórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń ka bọ́ọ̀lù báyìí. Èmi ń tẹ̀ lé rẹfirí láti àárín pápá títí tó fi máa wọ yàrá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Mà, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Mo kàn ń sìn yín sọ́nà ni."