Epo dé Shetland, epo dé Ìlàjẹ

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà gbé mi dé Lerwick, olú ìlú Shetland, omi kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Shetland jẹ́ ọ̀wọ́ erékùṣù tó ju 100 lọ ní àríwá Scotland. Nǹkan bíi 16 péré lèèyàn ń gbé nínú wọn, gbogbo olùgbé ibẹ̀ kò sì ju bíi 23,000 lọ. Kò sí ibi téèyàn lè dúró sí níbẹ̀ tí òkun fi máa jìnnà sí i ju nǹkan bíi máìlì mẹ́ta. Láti Aberdeen, odindi òru lọkọ̀ ojú omi fi ń rìn kó tó débẹ̀.

Ti ojú ọjọ́ ni mi ò ní sọ púpọ̀. Lóṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lọ; lóṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú tán, aṣọ tó nípọn lèèyàn ń ta sí fèrèsé kó tó rí oorun sùn. Igi ò pọ̀, atẹ́gùn ló ni ibẹ̀. Ó ń mọ́ni lára.

Iná ọba ni mo fẹ́ sọ. Títí di ọdún 2024, Shetland kò so mọ́ wáyà iná tó kù ní Britain rárá. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń jó epo ní Lerwick ló ń bọ́ wọn, kí wáyà abẹ́ òkun tó dé pẹ̀lú Viking, ilé iṣẹ́ tó ń fi atẹ́gùn múná wá, tó ní òpó 103. Síbẹ̀, gílóòbù wọn kì í ṣẹ́jú. Nílé, tá a bá béèrè ìdí tí iná kò fi dé àwọn ìletò inú omi, wọ́n á ní a ti jìnnà jù, pé inú ẹrẹ̀ là ń gbé. Kálukú á wá ra jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀. Àwọn tó tẹ Ayétòrò, ìlú wa kan létí òkun ní Ìlàjẹ, dó ní 1947 kò gba irú àwáwí yẹn gbọ́: inú àpò kan náà ni gbogbo ìlú ti ń náwó, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ti ní iná tiwọn láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà.

Ẹni bá wo Shetland lónìí lè rò pé orí ire ni wọ́n gbé wáyé. Irọ́ ni. Ìwọ̀fà ni wọ́n. Ọba Christian Kìíní ti Denmark àti Norway fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ Margaret fún James Kẹta ọba Scotland, kò sì rí owó ìgbéyàwó san. (Lọ́dọ̀ tiwọn nígbà náà, bàbá ìyàwó ló ń sanwó. Àwọn àna wa ìbá fẹ́ràn ibẹ̀.) Ló bá fi Orkney dúró fún 50,000 flọ́ríìnì ní 1468, nígbà tó di ọdún kejì ó fi Shetland náà dúró fún 8,000. Kò sẹ́ni tó rí wọn rà padà. Àwọn onílẹ̀ láti Scotland dé, wọ́n gba oko, wọ́n sì sọ fáwọn ará ibẹ̀ pé ẹni tí kò bá pẹja fáwọn kò ní ilé. Àwọn obìnrin ń hun aṣọ irun àgùntàn, tíì àti aṣọ títà làwọn oníṣòwò fi ń san án fún wọn dípò owó. Ní oṣù Keje 1881, ìjì kan pa apẹja 58 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ wọn láti àdúgbò Gloup ní erékùṣù Yell. Ọdún 1886 ni òfin tó dáàbò bo olóko jáde, tí onílẹ̀ kò fi lè déédéé lé èèyàn mọ́.

Ìyà yẹn ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n kí epo tó dé. Wọ́n rí epo nínú Òkun Àríwá, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń wá ibi tí wọ́n máa gbé páìpù gúnlẹ̀ sí. Ìjọba ìbílẹ̀ Shetland kò dúró kí páìpù dé. Wọ́n gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin London lọ, wọ́n sì gba òfin tiwọn ní 1974, tó fún wọn láṣẹ lórí èbúté, lórí ríra ilẹ̀ àti lórí àpò owó tí wọ́n máa fi pamọ́. Nígbà tí epo àkọ́kọ́ dé Sullom Voe, èbúté epo Shetland, ní 1978, ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ bá ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Owó epo yẹn ló wà lára ilé eré ìdárayá mẹ́jọ tó wà káàkiri erékùṣù, títí dé Unst tó jẹ́ ìpẹ̀kun.

Ní 1978 yẹn kan náà, ìjọba ológun Nàìjíríà gbé òfin ilẹ̀ jáde tó fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà. Òfin epo ti 1969 ti kọ́kọ́ fi gbogbo epo sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí epo tó wà lọ́dọ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n fi ń ka Oǹdó mọ́ ìpínlẹ̀ elépo, ṣùgbọ́n ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń padà bọ̀, àpò ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ sí. Apẹja kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín in.

Àwọn ará Shetland náà rí ewu epo. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kìíní 1993, ọkọ̀ epo Braer fọ́ sí àpáta níhà gúúsù, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 85,000 ló dà sómi. Ìjì ló bá wọn fọ́n ọn ká. Wọ́n fòfin de ẹja pípa níbẹ̀, wọ́n sì sanwó gbà-má-bínú fáwọn apẹja. Lọ́dọ̀ wa, tí epo bá lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, àríyànjiyàn lórí ẹni tó da á ló kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀.

Ìdùnnú kọ́ ni gbogbo ẹ̀ o. Epo pẹtiróòlù àti owó ìmúlémóoru wọ́n ju ti Scotland lọ́hùn-ún. Tí ìjì bá dá ọkọ̀ dúró, mílíìkì àti búrẹ́dì á tán lórí igbá. Aládùúgbò á na ìka láti kí ẹ látinú mọ́tò, kò ní yà wọlé. Èmi tí mi ò lè se ọbẹ̀ marúgbó nílé kí èèyàn méje má bá mi jẹ ẹ́, èmi nìkan ni mò ń dá pùpùrù rò. Àmọ́ wọ́n ń sá ẹran àgùntàn lókè iná bí a ṣe ń sá pùpùrù, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn.

Báyìí, wọ́n ń jà fún ọ̀nà abẹ́ òkun tó máa rọ́pò ọkọ̀ ojú omi sí Yell àti Unst. Ẹlẹgbẹ́ mi kan lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Yell, kì í dákẹ́ lórí ẹ̀. Mo fi fọ́tò Ayétòrò hàn án, ibi tí òkun ti gbé ilé lọ. Mo sọ fún un pé láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde. Ó ní ta ni káńsẹ́lọ̀ àdúgbò yẹn, pé kí n fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní mi ò ní in. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́, ó sì ní kí n bi ìyá mi.