Ọdún tí kálísíọ̀mù gbà mọ́ wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń lọ sópin, mo máa ń jókòó ka oore Ọlọ́run. Lọ́dún yìí, mo wá oṣù kìíní títí, mi ò rí nǹkan kan rántí níbẹ̀. Oṣù kejì náà ti lọ bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrin ló gba gbogbo ọdún, nítorí oṣù kẹrin ni ọkàn Mọ́mì ṣì ìlù.

Ìdí ẹja ni wọ́n wà ní Bódìjà. Wọ́n ní, “Àyà mi ń sáré, ó tún ń dúró, bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ẹ mọ Ìyá Ríṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó fi ìka wá ìlù ọkàn níbẹ̀, ó ní kí wọ́n palẹ̀ ẹja mọ́ kíá. Títí láé ni mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì lẹ wáyà ECG, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí bébà, mọ́ wọn láyà. Dókítà wá fi ìka tẹ̀lé ìlà orí bébà náà fún mi. Ó yẹ kí gegele kékeré kan máa ṣíwájú ṣóńṣó gíga kọ̀ọ̀kan. Kò sí gegele lórí ti Mọ́mì, ìlà tó ń gbọ̀n ló wà níbẹ̀, àwọn ṣóńṣó náà ò sì jìnnà síra bákan náà. Atrial fibrillation ni. Yàrá méjì òkè ọkàn kò fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Iná ara ń ṣẹ́ nínú wọn ní ìgbà 350 sí 600 láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n kàn ń gbọ̀n ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ibi ṣàn lè dì níbẹ̀, kó sì gba ọpọlọ lọ. Ewu àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń di bí ìlọ́po márùn-ún.

Bí ìròyìn ṣe kàn báyìí, kálísíọ̀mù dé láti ibi gbogbo. Àbúrò mi Dámọ́lá fi ike oògùn rẹ̀ ránṣẹ́ láti London, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé mílíìkì wá. Gbogbo wọn ti gbọ́ pé kálísíọ̀mù ló ń mú ọkàn ṣiṣẹ́, wọn ò sì purọ́. Ní London tí Dámọ́lá wà yẹn ni dókítà kan, Sydney Ringer, ti rí i, ní 1883, pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ń lù dáadáa nínú omi iyọ̀ tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ pò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ tó di omi padà pò ó, ọkàn náà á rẹ̀, á dákẹ́. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ló ṣe é.

Àmọ́ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì pé. Bí sẹ́ẹ̀lì ọkàn ṣe ń tọ́jú tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni mo sì ti ń kàwé láti oṣù kẹrin títí di òní. Bí ọkàn bá fẹ́ lù, kálísíọ̀mù díẹ̀ á ti ìta wọlé. Díẹ̀ yẹn ló máa ṣí ilẹ̀kùn ibi ìpamọ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní ryanodine receptor. Púpọ̀ á tú jáde, iṣan á fún pọ̀. Lẹ́yìn náà, SERCA, ohun tó ń fa kálísíọ̀mù bí ẹ̀rọ tó ń fa omi, á fa èyí tó pọ̀ jù padà síbi ìpamọ́, ọkàn á sinmi. Nínú àìsàn yìí, ilẹ̀kùn náà kì í tì dáadáa. Ènsáìmù kan, CaMKII, máa ń ṣiṣẹ́ àṣejù lára rẹ̀, kálísíọ̀mù á sì máa jò jáde nígbà tó yẹ kí ọkàn sinmi. Láti lé e síta, sẹ́ẹ̀lì á gba sódíọ̀mù mẹ́ta wọlé dípò kálísíọ̀mù kan. Ìṣirò iná rẹ̀ kò dọ́gba: iná díẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú, bó bá sì pọ̀ tó, sẹ́ẹ̀lì á ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ní 1998, dókítà ọkàn kan, Haïssaguerre, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé inú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ni irú ìtakìjí bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, Àǹtí Kẹ́mi lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni apá ọ̀tún wọn kò gbé mọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ yẹn yẹ̀ wọ́n wò, ìlà kan náà ló jáde, ìlà tó ń gbọ̀n. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àyà àwọn ń já. Kò sí Ìyá Ríṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ewúrẹ́. Ní Maastricht, ní ilẹ̀ Netherlands, lọ́dún 1995, wọ́n fi iná mú kí ọkàn ewúrẹ́ máa gbọ̀n léraléra, wọ́n sì rí i pé bó ṣe ń pẹ́ sí i ni kò fẹ́ dáwọ́ dúró mọ́. Ìyára yẹn ń da kálísíọ̀mù bo sẹ́ẹ̀lì; sẹ́ẹ̀lì á dín ilẹ̀kùn ìta kù láti gba ara rẹ̀ là, àsìkò ìsinmi rẹ̀ á kúrú, ìgbọ̀n náà á sì tún rọrùn sí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Mọ́mì, wọ́n wò mí títí. “Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n rí nǹkan fún un jẹ?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nítorí ewúrẹ́ yẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: ẹ má dúró kí ó di bárakú. Ẹ di ọrùn ọwọ́ bàbá àti ìyá yín mú, pàápàá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ìlù náà ò bá tò, ẹ gbé wọn lọ ṣe ECG.

Mọ́mì ń lo oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́, wọ́n ń lo èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kò sí èyí tó ń dí ibi tó ń jò yẹn nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sídìí ẹja, wọ́n sì ti ń bá oníbàárà jà nítorí owó. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Dámọ́lá ń bọ̀ ní oṣù kìíní. A ti ní kó má ra kálísíọ̀mù kankan mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni kó rà, irú èyí tó máa ń fi àmì hàn bí ìlù ọkàn ò bá tò, kó sì rà á ní méjì, kí ọ̀kan lè wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Àǹtí Kẹ́mi.