Gbígbẹ́ Agbárí Goronyosaurus Sára Igi Ọ̀mọ̀: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Oṣù Kejì

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé nílùú Ọ̀yọ́ báyìí, nígbàkígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́, ni láti fi igi gbẹ́ agbárí Goronyosaurus nigeriensis, ẹranko afàyàfà inú òkun tí wọ́n wú egungun rẹ̀ ní agbègbè Sókótó, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Goronyo tó wà níbẹ̀ pè. Kì í ṣe dáínásọ̀. Ẹ̀yà mosasaur ni, àwọn ìbátan awọ́nrínwọ́n àti ejò tí wọ́n wọ inú òkun lọ, tí ẹsẹ̀ wọn sì di àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ ara wọn. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 70 sí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo ilẹ̀ tí àwọn ará Sókótó ń wá omi sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lónìí, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun náà ló sì bo òkú àwọn ẹranko yìí títí egungun wọn fi di òkúta.

Gbogbo ère ẹranko ayé àtijọ́ tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, ti ilẹ̀ òkèèrè ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò wa fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ ti Nàìjíríà.

Kí n tó mú àáké, mo kọ́kọ́ ka bí wọ́n ṣe dá ẹranko náà mọ̀, nítorí pé inú ìtàn yẹn ni mo ti mọ ibi tó yẹ kí n tẹjú mọ́ jù lọ. Lọ́dún 1930, W. E. Swinton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ń ṣèwádìí egungun ayé àtijọ́, ṣàpèjúwe àwọn egungun kan láti Sókótó, ó sì sọ ẹranko tó ni wọ́n ní Mosasaurus nigeriensis. Ó kà á mọ́ ìran ẹranko ńlá tí wọ́n wú nítòsí Maastricht ní ilẹ̀ Netherlands ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Egungun tó wà níwájú Swinton kò pé tó láti fi ìyàtọ̀ hàn. Ìgbà tí Augusto Azzaroli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Ítálì rí agbárí tó pé jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n rí i pé mosasaur yìí ní ẹnu tí kò jọ ti èyíkéyìí nínú àwọn ìbátan rẹ̀. Lọ́dún 1972, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára Mosasaurus, wọ́n sì sọ ọ́ ní Goronyosaurus, àmọ́ wọ́n fi nigeriensis tí Swinton fún un sílẹ̀, nítorí pé òfin ìsọlórúkọ ẹranko kò fàyè gba pípa orúkọ àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Lójú tèmi, ọdún 1972 yẹn gan-an ni wọ́n ṣàwárí ẹranko yìí, nítorí pé ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí ohun tó mú un dá yàtọ̀.

Oṣù Kẹrin

Bàbá kan tó ń gbẹ́ ìlù ló bá mi wá gìtì igi ọ̀mọ̀. Mo yan ọ̀mọ̀ nítorí pé ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, kì í sì í tètè sán bí èèyàn bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Lálaalẹ́ ni mo ń fi àpò ìdọ̀họ tí mo ti rẹ sómi bò ó. Nígbà tí mo tẹ́ àwòrán sílẹ̀ níwájú Bàbá, ó wò ó títí, ó ní, “Ọ̀nì kọ́ lèyí?” Mo ní, “Rárá o, Bàbá, ìbátan awọ́nrínwọ́n ni.” Ó wá fìka tẹ ẹnu rẹ̀ lórí ìwé, ó ní, “Kí ló ń fi eyín tó tó báyìí ṣe?”

Ìbéèrè ọ̀nì yẹn tọ̀nà, nítorí pé ẹnu Goronyosaurus gùn, ó sì jọ ti ọ̀nì ju ti àwọn mosasaur yòókù lọ. Ọnà lílẹ̀ kò gbà mí lákòókò púpọ̀: àáké ni mo fi la ìrísí ẹnu àti àtàrí jáde. Ibi àlétúnlẹ̀, ìpele gbígbẹ́ tó tẹ̀ lé e, ni mo ti fara balẹ̀, pàápàá níbi ihò ojú. Àwọn ọmọ tó ń wá wòran ń rọ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ojú náà tóbi kí ó lè bani lẹ́rù. N kò gbà fún wọn. Ihò ojú kékeré wà lára ohun tí a fi ń dá ẹranko yìí mọ̀, Theagarten Lingham-Soliar, tó tún egungun rẹ̀ yẹ̀ wò tó sì tẹ àlàyé jáde lọ́dún 1988, sì rí i bí ẹranko tí kò gbára lé ìríran tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan nínú wọn gbé òkúta dúdú kan wá láti ẹ̀yìn ilé wọn, ó béèrè bóyá egungun wà nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé òkúta abẹ́ Ọ̀yọ́ jẹ́ irú èyí tí iná abẹ́ ilẹ̀ yọ́ tàbí tó sè yí padà, egungun kì í sì í là á já nínú irú rẹ̀. Inú òkúta tí ẹrẹ̀ àti yanrìn tò jọ sísàlẹ̀ omi ni a ti ń wá a.

Oṣù Kẹfà

Orí eyín ni mo wà báyìí, ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè Bàbá sì wà. Eyín ọ̀pọ̀ mosasaur máa ń tẹ̀ sẹ́yìn. Ti èyí dúró ṣánṣán, ó nípọn, ihò jíjìn sì wà láàárín eyín kan àti èkejì nínú páárí òkè àti ti ìsàlẹ̀, débi pé bí ẹranko náà bá pa ẹnu dé, eyín ìsàlẹ̀ á wọ inú ihò òkè, ti òkè á sì wọ inú ti ìsàlẹ̀. Ohun tí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ bá ti hán, kò ní rọrùn fún un láti yọ́ bọ́.

Egungun ìtàn màlúù tí mo gbà lọ́wọ́ alápatà ni mo fi ń ṣe eyín. Mo sè é nínú omi eérú kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè jáde, mo sá a, mo fi ayùn irin gé e, mo sì fi fáìlì rin ín. Láti mọ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, mo ń fi lẹ́búlẹ́bú èédú pa orí eyín ìsàlẹ̀, màá wá rọra pa páárí méjèèjì dé. Ibi tí èédú bá tẹ àmì sí ni mo ń fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu tín-ín-rín gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí eyín á fi wọlé láìfarakan ògiri ihò. Bí eyín kan bá wọ̀, mo máa ń gbìyànjú láti mi páárí ìsàlẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, kì í sì í lọ mọ́. Mo ti kà nípa ihò wọ̀nyí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló jẹ́ kó yé mi pé bí ẹnu yìí bá ti pa dé, ó ti dè nìyẹn.

Apá ọ̀tún ti parí. Apá òsì ló kù, lẹ́yìn náà màá fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ àwọn eyín mọ́lẹ̀. Òjò ti mú kí ewé ìpín pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, òun ni n ó sì fi dán igi náà dípò sáńpépà, nítorí pé ó máa ń wọ kọ̀rọ̀ ihò tí bébà kò lè dé. Bàbá ti ní kí n gbé e wá kí òun fúnra òun ṣí ẹnu rẹ̀ wò nígbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ.