Máàkì 780 tó gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin kan ní Tanke fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Aago méjì òru ni ní Ìlọrin. "Àǹtí, 760 ni mo gbà nínú Maths ti SAT. Ṣé kò ti bàjẹ́ báyìí?" SAT ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń wò kí wọ́n tó gbani wọlé; 800 ni máàkì tó ga jù ní apá Maths. Mo mọ irú òru yẹn dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

August 2023 ni mo kọ́kọ́ ṣe SAT, ní Ìbàdàn. Nígbà tí èsì jáde, Maths jẹ́ 780, apá Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 720, àpapọ̀ rẹ̀ 1500 nínú 1600. Ìyá mi dín mọ́sà, wọ́n fi ṣe sàárà fún àwọn ọmọ ilé kéú. Èmi nìkan ni inú mi ò dùn. Ìṣirò ni mo fẹ́ lọ kọ́, èmi náà sì ni wọ́n máa ń pè jáde tí ìdíje ìṣirò bá dé. Ogún tó kù yẹn ni ojú mi ń rí. Mo ní àwọn tó ń gbani wọlé yóò sọ pé, "Ẹni tó ní ìṣirò lòun fẹ́ kọ́, kò lè gba 800."

Bí mo ṣe fi September, October àti November ṣòfò nìyẹn. Tí mo bá ti kírun alẹ́ tán, orí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wà títí wọ́n á fi mú iná lọ. Ìṣirò tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mò ń ṣe. Ìbéèrè 44 ló wà nínú apá ìṣirò náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì péré ni mo ṣì, wọn kì í sì í fi ìbéèrè téèyàn ṣì hàn án. Mò ń wá àṣìṣe tí n kò mọ ibi tó wà.

Àròkọ tí à ń kọ nípa ara wa láti fi béèrè àyè ńkọ́? Ọ̀rọ̀ 650 ni wọ́n gbà wá láàyè. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kọ tèmi, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé tí ọkàn mi fẹ́ jù, tí gbèdéke wọn jẹ́ 1 November. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìṣirò" ló fi bẹ̀rẹ̀. N kò tún un kà. Ní ti lẹ́tà tí tísà fi ń jẹ́rìí ọmọ fún ilé-ìwé, mo sáré lọ bá tísà Físíìsì wa nílé ní ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì kọ ọ́ lójú mi: ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kí àgbà, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bẹ́ẹ̀ èmi pẹ̀lú wọn la jọ fi ọ̀sẹ̀ méjì tú inverter ilé-ìwé wa, tá à ń wá ibi tí iná ti ń sọnù! Irú lẹ́tà tí gbogbo wa mọ̀ nílé ni wọ́n kọ. Èmi ló yẹ kí n jókòó tì wọ́n, kí n rán wọn létí.

Ní 2 December, mo tún wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Dọ́là ni owó ìdánwò, ọdún náà gan-an sì ni náírà wó lulẹ̀; ìyá mi ta aṣọ òfì méjì kó tó pé. Èsì dé: Maths 790, Gẹ̀ẹ́sì 690. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń mú èyí tó ga jù ní apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pa wọ́n pọ̀, nítorí náà 1510 ni tèmi dà. Máàkì mẹ́wàá, oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ilé-ìwé tí ọkàn mi fẹ́ jù yẹn kọ̀wé pé àwọn ò gbà mí. N kò lè búra pé àròkọ ló fà á, ṣùgbọ́n kò sí èmi kankan nínú àròkọ yẹn.

Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ wo ìwé èsì. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì pé téèyàn bá tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ mìíràn, ó lè gòkè díẹ̀, ó lè wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń gbani wọlé mọ èyí jù wá lọ. Ní 2023 àti 2024, àwọn tó béèrè àyè ní Harvard lé ní 50,000 lọ́dọọdún, àwọn tí wọ́n gbà kò pé 2,000. Máàkì á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ kíláàsì ò ní borí rẹ; lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn tó wà nínú fáìlì ni wọ́n ń wá.

N kò sọ pé máàkì ò já mọ́ nǹkan. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ní SAT kì í ṣe dandan mọ́, MIT tún sọ ọ́ di dandan ní 2022, Harvard àti Dartmouth kéde tiwọn ní 2024. Tó bá jẹ́ 600 lo gbà, tún un ṣe. Fún àwa ọmọ Nàìjíríà, owó ló tún le jù. Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst àti Dartmouth kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń wò ó. Ìyẹn ló yẹ kó gba oorun lójú yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí gbèdéke January ti àwọn ilé-ìwé yòókù tó dé. Mo lọ jókòó ti bàbá àgbà nídìí òfì ní agboolé wa. Òwú já. Wọ́n dá ọ̀kọ̀ dúró, wọ́n wá orí òwú méjèèjì rí, wọ́n so ó, wọ́n fi eyín gé èyí tó yọ, wọ́n sì ń hun lọ. Nídìí òfì yẹn ni wọ́n ti kọ́ mi ní kíkà méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, lórí àwọ̀ òwú, kí n tó mọ ohun tí ìsọdipúpọ̀ ń jẹ́. Ohun tí mo kọ sínú àròkọ tuntun nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sì tún un kọ.

Ilé-ìwé márùn-ún kọ̀ mí, méjì gbà mí, ọ̀kan nínú méjì náà ní àwọn yóò san gbogbo owó fún mi. Ẹnì kan fi báírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà wọn pé òun ka ìtàn bàbá àgbà sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ọ́fíìsì.

Mo dá ọmọ Tanke yẹn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé tísà wo ni yóò kọ lẹ́tà fún un. Ó ní òun ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.