Òkè Olósùnta Kò Sí Nínú Àwòrán Mi

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí, síbẹ̀ àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí a jọ ń ya àwòrán ilé ni mò ń kọ èyí sí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi òru ya 3D nítorí pé òru ni iná máa ń dúró díẹ̀, tí ẹ sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí iṣẹ́ má bàa kú sójú ọ̀nà. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹbí kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló pè mí. Ilé bàbá wọn ti ń wó, wọ́n fẹ́ kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ kan náà, èyí tí gbogbo ọmọ máa lè sùn sí bí ọdún bá dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, tó wà ní Kánádà, ló ń sanwó. Adó ni mo ń gbé, Ìkẹ́rẹ́ kò sì jìnnà rárá, ṣùgbọ́n n kò lọ wo ilẹ̀ yẹn. Mo ní kí wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo wọ Pinterest, mo ṣa àwòrán bí ogójì jọ, mo fi SketchUp, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, gbé ilé dìde, mo wá sọ fún ẹ̀rọ AI kan pé kó bá mi fi igi, ojú ọ̀run àti àyíká sí i. Nígbà tó gbé e jáde, mo pariwo nínú yàrá. Òrùlé tẹ́ pẹrẹsẹ, gíláàsì ti ilẹ̀ dé òkè, gbogbo rẹ̀ ń dán.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé e lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ náà ni gbogbo wọn jókòó sí. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán jáde, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹwà rẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí dìde, ó fi ọ̀pá rìn dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, ó súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó na ìka, ìka tí àdá ti gé lórí rí. Mo rò pé ilé ló fẹ́ tọ́ka sí, àmọ́ ìka náà kọjá ilé, ó lọ kan òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkè ṣóńṣó ni, orí rẹ̀ funfun bí òwú.

"Òkè wo lèyí?"

N kò rí nǹkan sọ.

"Olósùnta dà?"

Ẹnì kan ti fèrèsé sẹ́yìn. Olósùnta wà níbẹ̀, àpáta ràgàjì, ipa omi òjò dúdú lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Gbogbo ojú lọ sí fèrèsé, gbogbo ojú padà sí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá tó jẹ́ opó bàbá olóògbé béèrè pé níbo ni àwọn ó jókòó sí bí òjò bá ń rọ̀, níbo sì ni omi òrùlé máa gbà dé inú ìkòkò. Mo ń yí àwòrán: ìkíní, ìkejì, ìkeje. Kò sí ibẹ̀. Ìyá wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ulé ẹlòmíràn lọmọ yìí gbé wá fún wa." "Ulé", bí a ṣe ń pè é nílé wa. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Iyán ni wọ́n gbé fún mi, n kò lè gbé òkèlè kẹta mì. Mo ṣì ń jẹun lọ́wọ́ tí mo gbọ́ ohùn ọmọ Kánádà nínú fóònù pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Àwọn kan máa sọ pé AI ló fà á. Rárá o. Mo ṣì ń lò ó, n ó sì máa lò ó. N kò sọ Ìkẹ́rẹ́ fún un, báwo ló ṣe fẹ́ mọ Ìkẹ́rẹ́? SketchUp náà ńkọ́? Bó o bá ṣí i tuntun tí o kò sọ ibi tí o wà fún un, Boulder ní Colorado, Amẹ́ríkà, ló máa gbà pé o wà, oòrùn ibẹ̀ ló sì máa fi ṣe òjìji ilé rẹ. Ní Boulder, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà láti January dé December. Ní Ìkẹ́rẹ́, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí gan-an, bó bá sì di oṣù June, apá àríwá ló máa ń yà sí. Nítorí náà gbogbo òjìji tí mo ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀, òjìji Amẹ́ríkà ni.

Ẹ̀kọ́ mi kò ju èyí lọ: lọ dúró lórí ilẹ̀ náà kó o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Lọ ní àárọ̀, lọ ní ọ̀sán, bí òjò bá ń rọ̀, lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí á wo ohun tó wà lẹ́bàá wa, ó sì lè jọ ti àkọ́kọ́, ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wà ní Ìkẹ́rẹ́ yẹn kan náà. Ibẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum ló sì wà di òní. Òpó kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago, Amẹ́ríkà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo àwòrán ilẹ̀kùn yẹn dáadáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìtìjú mi. Ó gbẹ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ jìn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kúrò lára igi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n, kálukú ní òjìji tirẹ̀. Èmi tí mò ń wá ohun ìwúrí kiri Pinterest!

Ẹ má sọ pé mo ní ká padà sí ilé amọ̀. Francis Kéré, ayàwòrán ilé bíi tiwa, fi amọ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ Gando, abúlé rẹ̀ ní Burkina Faso, ní 2001. Ó gbé páànù ga kúrò lórí àjà kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ní 2022 ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé. Ó mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe ń mú nítorí pé ó ti gbé ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: dúró lórí ilẹ̀.

Mo bẹ ẹbí náà pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá sí i. Mo lọ, mo ya fọ́tò, mo fi Blender, ètò mìíràn tí a fi ń ya 3D, tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àgbàlá wà láàárín, òrùlé yọ síta dáadáa, oòrùn sì wà níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n gbà á. Wọ́n ti ń kó yanrìn jọ.

Lánàá Bàbá pè mí pé òun fẹ́ kí n sún fèrèsé yàrá òun díẹ̀, kí òun lè máa rí Olósùnta látorí bẹ́ẹ̀dì. N kò tíì fọwọ́ kan fáìlì náà. Mo máa kọ́kọ́ lọ Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, kí n lọ jókòó síbi tí bẹ́ẹ̀dì náà máa wà.