Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ rò bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́

Kíláàsì tí wọ́n kan páànù bò láìsí àjà kì í ṣe ibi tí ọmọdé lè jókòó gba ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án. Páànù á gbóná, ooru á sọ̀ ká lé àwọn ọmọ lórí. Bí òjò bá tún dé, ariwo rẹ̀ á bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando ní Burkina Faso, níbi tí ooru ti ń gun ìwọ̀n 40 lórí Celsius. Francis Kéré, ọmọ abúlé náà tó lọ kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní Berlin, ló ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n kọ́ ọ tán. Kíláàsì mẹ́ta ni, wọ́n tò wọ́n sórí ìlà kan, ààyè wà láàárín wọn, òrùlé kan ṣoṣo ló sì bo gbogbo rẹ̀. Ààyè àárín yẹn ni ibòji táwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Òkè ni iṣẹ́ gidi wà. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi ṣe àjà, wọ́n sì dá ihò sí i. Páànù kò sinmi lé àjà yìí. Orí férémù irin tín-ín-rín ló wà, ó ga débi tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba àárín méjèèjì kọjá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú kíláàsì a gba ihò àjà gòkè, atẹ́gùn a gbé e lọ, èyí tó tutù a gba ojú fèrèsé wọlé. Irin rọ́ọ̀dù tí à ń tò sínú kọnkéré ni wọ́n jó pọ̀ ṣe férémù ọ̀hún, torí kò sí kírénì tó máa gbé irin ńlá. Ayùn ọwọ́ àti ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré tó o, àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló sì kọ́ ọ ṣe.

Níbi bíríkì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ sẹ́ ilẹ̀ pupa dáadáa, kí ẹ fi òṣùwọ̀n 10 sí 12 rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì 1, pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ibi àyà. Bó bá túká bí ìyẹ̀fun, omi rẹ̀ kò tó. Bó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ̀bà, omi ti pọ̀ jù. Kó fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún la fẹ́. Ẹ má po ju èyí tí ẹ lè fi tẹ bíríkì tán láàárín wákàtí kan, torí sìmẹ́ǹtì kò ní dúró dè yín. Bí ẹ bá ti tẹ bíríkì tán, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n bá sáré sá sóòrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa sán.

Nílẹ̀ Yorùbá, òjò wa a máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, nítorí náà kí etí òrùlé yọ síta tó mítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìpìlẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 kúrò nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi tó ń ta láti ilẹ̀ máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu àlàfo òkè kí àdán má baà sọ ọ́ di ilé.

Ní Gando, àwọn obìnrin ló pọn omi iṣẹ́, àwọn ọmọdé ló ṣa òkúta ìpìlẹ̀. Nígbà tó kan yàrá ìkàwé, ìkòkò amọ̀ ilé wọn ni àwọn obìnrin gbé wá. Wọ́n gé orí àti ìdí rẹ̀, wọ́n dà á mọ́ àjà kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ wọlé. Ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bi ayàwòrán nìyí kó tó gbé pẹ́ńsù: tí páànù kan bá ṣí, ta ni lágbègbè yìí tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà?