Kí ata tó wọ ìkòkò, ẹ ti bu ti ọmọ

Ẹ má ṣe máa gbé ìkòkò méjì kaná nítorí ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ, òun ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Tí ẹ bá ń se indómì sọ́tọ̀ fún un lálẹ́ tí ará ilé ń jẹ iyán, kò ní pẹ́ tó fi máa mọ̀ pé bí òun bá ti lè pa ẹnu dé fún ìṣẹ́jú 10, indómì máa dé. Ìkòkò kan tó gbogbo ilé. Ìgbà tí ẹ máa bu ti ọmọ kúrò nínú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀bẹ ṣàlàyé rẹ̀, ohun tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní àsáró. Fún àgbà 2 àti ọmọ 3, iṣu bíi kílò kan àbọ̀ tó, lẹ́yìn tí ẹ bá bẹ ẹ́ tán. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ó má tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ yọ orí iṣu sọ́tọ̀ fún àgbà, torí òwú inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń tutọ́ sílẹ̀. Ẹ bu omi bíi ife 4 sí i, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo iṣu, àmọ́ kó má bò ó tán. Tí omi bá pọ̀ jù, ẹ̀bẹ á di ọbẹ̀ iṣu, ọmọ tí kò fẹ́ràn ohun tó ń ṣàn lẹ́nu kò sì ní fọwọ́ kàn án. Ní àsìkò iṣu tuntun, ife 3 ni kí ẹ lò, torí omi ti pọ̀ lára rẹ̀, kì í sì í tètè ki.

Nígbà tó bá ti fẹ́ rọ̀, bíi ìṣẹ́jú 15, ẹ da tàtàṣé 2, tòmátì 2 àti àlùbọ́sà 1 tí ẹ ti lọ̀ kúnná sí i, pẹ̀lú epo pupa ṣíbí ìjẹun 4, edé lílọ̀ ṣíbí 2 àti iyọ̀. Ẹ rí i pé ẹ yọ gbogbo hóró àti okùn funfun inú tàtàṣé kí ẹ tó lọ̀ ọ́: ó máa pọ́n dáadáa, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ fi ṣíbí igi tẹ díẹ̀ nínú iṣu náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí ọbẹ̀ rẹ̀ lè ki.

Ibí yìí gan-an ni kí ẹ ti bu ti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá da ata rodo lílọ̀ sí èyí tó kù fún àwọn àgbà, kó hó fún ìṣẹ́jú 5 sí i.

Ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ dúró títí ẹ̀bẹ fi jinná tán ni pé inú epo ni títa ata máa ń wọ̀, kì í wọ inú omi. Bó bá ti wọ epo tán, kò sí omi tí ẹ máa dà sí i tó máa yọ ọ́ kúrò. Ohun kan náà ló fà á tí omi tútù kì í fi í ran ọmọ tí ata ń ta lẹ́nu lọ́wọ́. Mílíìkì díẹ̀ ni kí ẹ fún un. Àwọn kan máa ń fi odidi ata rodo lé orí oúnjẹ kó lè ta sánsán, kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó dára fún àgbà. Àmọ́ tí ṣíbí bá kàn án tó bẹ́, oúnjẹ ọmọ ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí náà èmi kì í gbà á nímọ̀ràn.

Tí ọmọ bá kọ oúnjẹ, ẹ má tíì gbà pé oúnjẹ náà ni kò fẹ́. Ẹ wo etí abọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dìde. Bó bá jẹ́ àlùbọ́sà ló tò síbẹ̀, ó lè jẹ́ bó ṣe ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu ni kò fẹ́. Ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ tàtàṣé. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́, ẹ ká ewé ugwu bíi mẹ́wàá pọ̀, ẹ gé e tín-ín-rín bí òwú, ẹ dà á sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2 kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹja, ẹ ronú nípa egungun. Egungun sáwá kéré, ó sì pọ̀. Àrọ̀ ló dára jù fún ọmọdé, torí egungun rẹ̀ tóbi, ó sì rọrùn láti rí, síbẹ̀ ẹ fi ìka méjì tẹ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó fi sínú abọ́. Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọn kò fẹ́ kí ọbẹ̀ kan èbà rárá. Abọ́ kékeré méjì ti yanjú ìyẹn.

Ẹ má bu oúnjẹ kún abọ́. Ṣíbí ìjẹun kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: ọmọ ọdún 3, ṣíbí 3 oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Tó bá tán tó sì béèrè sí i, ẹ fún un. Oúnjẹ tí kò jẹ rí, ìdajì ṣíbí ni kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti mọ̀, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó lè tó ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbà á, torí náà ẹ má torí pé ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ṣíwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án nítorí oúnjẹ, ẹ má sì fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́. Bísikíìtì tí ẹ bá fi bẹ̀ ẹ́ ń sọ fún un pé ìyà ni ẹ̀fọ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ilé ni púpọ̀ nínú ìjà oúnjẹ alẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó kúrò ní lẹ́sìnnì ní aago márùn-ún, tó jẹ pọfupọ́ọ̀fù mẹ́rin tó sì mu mínírà kí ẹ tó kúrò ní Ọjà Ọba, ebi ò lè pa á ní aago méje. Ẹ fún un ní ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, kó má sì jẹ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí omi fún wákàtí méjì kó tó jẹun alẹ́. Àmọ́ ọmọ tó bá ń rù, tàbí tí oúnjẹ máa ń há lọ́fun lemọ́lemọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀bẹ tó bá ṣẹ́kù nínú ti àwọn ọmọ wúlò láàárọ̀, tó bá ṣáà ti wà nínú firíìjì mọ́jú tí iná ò lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ ẹyin 1, ẹ bù ú sínú òróró gbígbóná bí àkàrà. Tó bá ń fọ́ nínú òróró, ó ti rọ̀ jù. Ẹ fi ìyẹ̀fun ṣíbí 1 sí i, ẹ sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan dáadáa kí ẹ tó yí i.